Ẹ Má Di Ẹ̀bi Ru Ògún: Ọ̀rọ̀ Wa Lórí Ìbọn Ìṣó àti Ilé Adìyẹ

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́, Ìperu, Ògèrè, Ìlíṣàn, títí dé Ìsarà. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ adìyẹ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára lẹ sábà máa ń bá lójú ewé yìí. Ọ̀rọ̀ káfíńtà la fẹ́ sọ lónìí. Ẹni tó bá sì ń bi ara rẹ̀ pé kí ló kan àgbẹ̀ nínú iṣẹ́ káfíńtà, òun gan-an la wá bá.

Kí ni ilé adìyẹ yín? Kí ni ilé ewúrẹ́, àpótí oyin, àká àgbàdo, àti àtíbàbà tí ẹ ń gé gbàgùúdá lábẹ́ rẹ̀? Igi àti ìṣó ni. Kò sí olóko tí kì í pe káfíńtà wọ oko. Àwọn mìíràn nínú yín tiẹ̀ ń gbé òòlù fúnra wọn. Nítorí náà, ẹ fún wa létí.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ojú wa rí. A ò ní dárúkọ oko, a ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Olóko kan sanwó òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan, wọ́n sì fún un lọ́jọ́ tí wọn yóò kó o dé. Ilé tí àwọn òròmọdìyẹ náà máa wọ̀ ńkọ́? Òpó nìkan ló wà nílẹ̀. Ó bá sáré pe káfíńtà, ó ní ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù. Káfíńtà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó lọ háyà ìbọn ìṣó, ìyẹn nail gun, pẹ̀lú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń gbé e ṣiṣẹ́, irú èyí tó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀: tá! tá! tá! Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń di pákó mú fún un. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìbọn náà ta padà lórí kókó igi, ẹnu rẹ̀ tún fara kan nǹkan, ìṣó kejì jáde láìròtẹ́lẹ̀. Ọwọ́ òsì ọmọ náà ló gbà á, láàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e.

Ṣé ẹ mọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu olóko? Ó ní, “Ṣé iṣẹ́ yìí ṣì máa parí lọ́la?”

Wọ́n fi píláyà fa ìṣó náà yọ. Wọ́n kán epo pupa gbígbóná sójú egbò, wọ́n fi àkísà dì í, iṣẹ́ sì ń bá a lọ. Ìgbà tí àwa fi máa dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, ọwọ́ ọmọ náà ti wú, kò lè ká ìka kankan. A gbé e sórí ọ̀kadà, ó di ilé ìwòsàn. Ọmọ náà yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n títí di òní, ìka náà kì í ká dáadáa. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni o! Ọwọ́ náà ló fẹ́ fi jẹun títí dọjọ́ ogbó.

Ohun tó wá bí wa nínú jù ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn ń sọ níbẹ̀: “Ohun tó bá ti jẹ mọ́ irin, ọwọ́ Ògún ló wà. Bí Ògún bá ti fẹ́ ẹ̀jẹ̀, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró.”

A kì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ṣé Ògún ló sanwó òròmọdìyẹ nígbà tí ilé ò tíì délẹ̀? Ṣé Ògún ló ní kí ọmọ ọlọ́mọ fi ọwọ́ lásán di pákó mú níwájú ẹnu ìbọn? Alágbẹ̀dẹ tó ń bọ Ògún gan-an, ṣé ẹ ti rí i kó fi ọwọ́ lásán mú irin tó pọ́n nínú iná rí? Ẹ̀mú ló fi ń mú un. Ẹni tó mọ Ògún jù wá lọ ló ń dáàbò bo ọwọ́ ara rẹ̀ yẹn. Àwa wá jẹ́ ta?

Ẹ má di ẹ̀bi ru Ògún. Ẹ̀bi náà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí olóko sanwó òròmọdìyẹ kó tó kọ́ ilé.

Àwa náà ò sì bọ́ nínú ẹ̀bi ọ̀hún. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti dé oko yẹn kí ọ̀rọ̀ tó dà báyìí. A sọ fún wọn pé kí ilé náà na gbọọrọ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, kí oòrùn má bàa máa wọlé pa adìyẹ. A sọ̀rọ̀ atẹ́gùn, a sọ iye adìyẹ tó yẹ kó wà nínú yàrá kan. Ọ̀rọ̀ ẹni tó máa gun orí òrùlé lọ kan páànù, a ò sọ ẹyọ kan. Ìlera adìyẹ là ń rò, a gbàgbé ìlera ènìyàn. A ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá mọ irú ohun èlò tó wọ oko wa yìí. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n há mọ́ inú ẹ̀rọ ló ń ti ìṣó jáde, wàrà ló ń wọ inú igi. Ohun tó wọ igi bẹ́ẹ̀ kò ní fojú egungun wo egungun. Oríṣi méjì tó wọ́pọ̀ ló wà. Ti àkọ́kọ́, bí ìka bá ti fa ibi tí à ń fà tí kò jọ̀wọ́ rẹ̀, ibikíbi tí ẹnu ìbọn bá ti kàn ni yóò yin ìṣó sí, ì báà jẹ́ igi, ì báà jẹ́ itan. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́ igi, lẹ́yìn náà kí ẹ fà á. Kí ìṣó mìíràn tó lè jáde, ẹ ní láti gbé e kúrò, kí ẹ jọ̀wọ́ ìka, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ yá díẹ̀. Òun náà ló ń ṣe ni léṣe jù.

Kì í ṣe àsọdùn. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìbọn ìṣó ti wọ́pọ̀ tipẹ́, wọ́n ka àwọn tó dé ilé ìwòsàn pàjáwìrì nítorí rẹ̀ láàárín ọdún 2001 sí 2005. Nǹkan bí 37,000 ènìyàn ni lọ́dọọdún. Nínú 100 wọn, nǹkan bí 40 kì í ṣe òṣìṣẹ́ rárá, àwọn tó ń tún ilé ara wọn ṣe ni. Lọ́dún 2011, NIOSH àti OSHA, àwọn iléeṣẹ́ ìjọba wọn tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́, gbé ìwé ìtọ́sọ́nà jáde. Ó wà nínú rẹ̀ pé nínú ọmọ iṣẹ́ káfíńtà 5 tó ń kọ́ ilé gbígbé, 2 ni ìbọn ìṣó ṣe léṣe láàárín ọdún 4. Ó tún wà níbẹ̀ pé ewu oríṣi àkọ́kọ́ tó ìlọ́po méjì ti ẹ̀ẹ̀kejì. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wọ bàtà iṣẹ́ àti awò nìyẹn o. Àwa tí sálúbàtà wà lẹ́sẹ̀ wa ńkọ́?

A mọ ohun tí ẹ máa sọ. Àwọn kan á ní, “Òòlù náà ń fọ́ ìka.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìka tí òòlù bá lù, ó lè wú kó sì rọ̀. Ìṣó tó bá la ọwọ́ kọjá lè gé iṣan tí à ń fi ká ìka. A ò sọ pé kí ẹ má lo ìbọn ìṣó. Ohun èlò tó dára ni, ó ń dín àárẹ̀ kù. Ohun tí a kọ̀ ni kí ẹ máa lò ó bí ohun ìṣeré.

Àwọn mìíràn á ní, “Káfíńtà mọ iṣẹ́ rẹ̀, èmi kọ́ ni màá kọ́ ọ.” Ẹ ṣé! Ìgbà tó fẹ́ gba owó tó pọ̀ lọ́wọ́ yín, ṣé ẹ ò bá a dúnàádúrà? Ìgbà tó kan ilẹ̀kùn wọ́, ṣé ẹ ò ní kó tú u palẹ̀? Ẹnu tí ẹ fi ń dúnàádúrà náà ni kí ẹ fi sọ pé nínú oko yín, bàtà àti awò ṣe pàtàkì.

“Owó ò sí” ńkọ́? Ẹ ṣírò owó awò kan pẹ̀lú owó ojú kan. A ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ohun tí a ní kí ẹ ṣe rèé, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ kọ́ ilé tán pátápátá, kí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì, kí òròmọdìyẹ tó dé. Ẹ ó ráyè fọ̀ ọ́, ẹ ó ráyè fín oògùn sí i, káfíńtà náà á ráyè ṣiṣẹ́ ní ìfarabalẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí káfíńtà bá gbé ìbọn ìṣó dé, ẹ béèrè irú èyí tó jẹ́. Bí ó bá ṣeé yí sí oríṣi kejì, kí ó yí i kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe so ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n má sì fi wáyà de ibi tí à ń fà.

Kí ọwọ́ tó di pákó mú jìnnà sí ibi tí ìṣó fẹ́ wọ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ó kéré tán. Bí igi bá kúrú jù, ẹ fi nǹkan mìíràn há a mọ́lẹ̀. Ẹ yẹra fún ibi kókó igi, àti ibi tí ìṣó mìíràn ti wà tẹ́lẹ̀, torí ìṣó á yà níbẹ̀ ni.

Bí wọ́n bá fẹ́ ki ìṣó sí i, tàbí tí ìṣó há, tàbí tí wọ́n fẹ́ gòkè lórí àkàbà, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ okùn afẹ́fẹ́ kúrò lára rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì so ó mọ́ ìgò gáàsì ọ̀síjìn àwọn wẹ́dà láéláé. Ó lè bú gbàmù.

Bí ìṣó bá wọ ara ènìyàn, ẹ má fà á yọ fúnra yín, pàápàá tó bá jẹ́ ojú, àyà, orí tàbí oríkèé. Nígbà mìíràn, gọ́ọ̀mù tàbí wáyà tó so àwọn ìṣó náà pọ̀ máa ń wà lára wọn, ó sì lè ya ẹran ara nígbà tí ẹ bá ń fà á. Ẹ dì í kí ó má mì, ó di ilé ìwòsàn. A ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní Ṣàgámù, òmíràn wà ní Ìlíṣàn. Rẹ́mọ kì í ṣe aginjù.

Ẹ ṣíwọ́ epo gbígbóná. Ẹ ṣíwọ́ fífi bàtà gbá àtẹ́lẹsẹ̀ tí ìṣó gún. Kòkòrò àrùn ipá, tí wọ́n ń pè ní tẹ́tánọ́ọ̀sì, inú iyẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ló ń gbé, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Inú oko adìyẹ ni ilé rẹ̀ gan-an. Ìṣó tó gúnni wọnú jinlẹ̀ ló fẹ́ràn jù, torí afẹ́fẹ́ kì í dé ibẹ̀. Ó sábà máa ń gbà tó ọjọ́ 3 sí 21 kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó le, kí ẹ̀yìn tó ká. Nígbà yẹn, egbò lè ti jiná lójú! Àwọn ìyàwó wa ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ nígbà oyún. Àwa ọkùnrin ńkọ́? Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ egbò dáadáa, kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́. Egbò tó dọ̀tí, bí ó bá ti ju ọdún 5 lọ tí ẹ gbà á gbẹ̀yìn, ẹ tún gbà á.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ ṣa ìṣó ilẹ̀. Òòfà inú sípíkà àtijọ́ tó bàjẹ́, ẹ so okùn mọ́ ọn, kí ẹ máa wọ́ ọ nílẹ̀ káàkiri. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ènìyàn nìkan ni ìṣó ń gún. Adìyẹ ń ṣa á jẹ, ó sì lè lu iwe rẹ̀. Màlúù tó bá gbé e mì, ó lè gún un látinú ikùn dé ọkàn. Ìṣó kan tí ẹ fojú fò lè pa ẹran tí ẹ fi owó ńlá rà.

Ẹ̀yin olóko ńlá tí ẹ ní òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù, òfin ọdún 2010 wà tó ní kí ẹ máa san owó fún NSITF, ó kéré tán náírà kan nínú 100 owó oṣù wọn, kí òṣìṣẹ́ tó fara pa lè rí nǹkan gbà. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ káfíńtà tó wá fún ọjọ́ mẹ́ta, ta ló forúkọ rẹ̀ sílẹ̀? Ọ̀gá rẹ̀ àti ẹ̀yin olóko nìkan ló ní. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá dákẹ́, kò ní ẹnikẹ́ni.

Ọmọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, ilé adìyẹ tó bá wọn kan ṣì dúró. Adìyẹ inú rẹ̀ ti yé ẹyin, wọ́n ti tà á. Olóko jèrè. Òun nìkan ni kò rí ọwọ́ rẹ̀ lò bó ṣe yẹ.

Ẹ bá wa gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ káfíńtà yín kó tó wọ oko. Ẹ kà á fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ náà, torí òun ló ń di pákó mú. A ó máa rí yín lóko o. Oko á tura.