Prósẹ́sọ̀ Wo Ni Kí A Rà?

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ pé àwa mẹ́rin tí a jọ ń gbé ilé kan ní Dagenham East dá àjọ láti to kọ̀ǹpútà kan tí a óò máa ta géèmù lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹ ti ń bi wá ní ìbéèrè kan náà: prósẹ́sọ̀ wo ni kí ènìyàn rà? Ẹ jẹ́ kí a sọ bí tiwa ti rí, àti àṣìṣe wa pẹ̀lú.

£150 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan dá, ó di £600. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé wákàtí 20 péré ni ìjọba ń gba akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa láyè láti fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, nígbà tí ilé ìwé bá wọlé, yóò mọ̀ pé owó náà kì í ṣe owó àwàdà. A kò tíì ra ohunkóhun tí ìpè fi dé láti Ìbàdàn: àbúrò ọ̀kan nínú wa rí àyè wọ yunifásítì, owó tí yóò san kò sì pé. Arákùnrin wa kó £150 rẹ̀ padà, ó fi ránṣẹ́ sílé. A kò bá a jà. Ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n £450 ni ó kù, ìwọ̀n eku sì ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ní Ryzen 7 9800X3D ni òun fẹ́, nítorí pé òun ni gbogbo ayé ń yìn. Ìyìn náà tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n dọ́là 479 ni AMD fi iye rẹ̀ sí nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní November 2024. Ohun tí ó mú irú rẹ̀ yára ni cache, ibi ìkó-nǹkan-sí tí ó wà lára prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ wo ìyá tí ó ń se ọbẹ̀: bí ata, epo àti iyọ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ọwọ́ rẹ̀ yóò yá, bí ó bá di pé kí ó máa sáré lọ sí ọjà nítorí iyọ̀, ebi yóò pa wá. Mẹ́mọ́rì ni ọjà náà. Ryzen 7 5800X ti ọdún 2020 ní cache ńlá MB 32. 5800X3D tí ó tẹ̀lé e ní 2022 ní MB 96. Ti èkejì yìí kò ga tó ti àkọ́kọ́ bí a bá wo GHz, 4.5 sí 4.7, síbẹ̀ òun ni ó ń ṣíwájú nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ géèmù.

Ṣùgbọ́n prósẹ́sọ̀ kì í dá géèmù ta. Òun ni ó ń ṣírò ibi tí bọ́ọ̀lù yóò bọ́ sí àti ẹni tí yóò sá tẹ̀lé e. Káàdì àwòrán ni ó ń ya á sí ojú móńítọ̀. Bí a bá kó gbogbo owó lé ẹni tí ń ṣírò, kí ni a óò fi gba ayàwòrán? Móńítọ̀ ilé wa sì rèé, hertz 60 ni, èyíinì ni pé àwòrán 60 ni ó lè fi hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Prósẹ́sọ̀ tí ó lè pèsè 200, 60 náà ni ojú wa yóò rí. (Àwọn tí ń ta Counter-Strike yóò ní ọwọ́ àwọn mọ ìyàtọ̀. A gbà. Kí wọ́n lọ rà á.)

Ẹlòmíràn ní i7 ni kí a rà, i7 sá ni i7. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dé Computer Village ní Ìkẹjà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Orúkọ ni o. Core i7-2600 tí ó jáde ní 2011 ní core 4; Core i5-12400 tí ó jáde ní 2022 ní 6, ó sì fi i7 náà sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Windows 11 kò tilẹ̀ ka i7 yẹn mọ́ àwọn tí ó gbà. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé orúkọ ni kí ẹ wò, 12 tí ó ṣíwájú 12400 ni ó ń sọ ìran rẹ̀. Ẹ wo lẹ́tà ìparí pẹ̀lú: bí ẹ bá rí F lára ti Intel, kò lè fi àwòrán hàn láìsí káàdì. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ra i7 tàbí i9 àlòkù ti ìran 13 tàbí 14, kí ó bi ẹni tí ń tà á bóyá ó ti ṣe àtúnṣe tí Intel gbé jáde ní 2024, nítorí pé iná tí ó pọ̀ jù ba ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́.

Ọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì ni ó yanjú ìjà wa. Kò jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin wa ni ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ May & Baker kó wá ní 1934, àwọn tí ó ṣe oògùn M&B tí àwọn òbí wa mọ̀ bí ẹni mọ owó. Sanofi tí ó jogún ibẹ̀ ti ibi iṣẹ́ náà pa ní 2013. Lónìí ilé ńlá tí NTT ń kó àwọn kọ̀ǹpútà pamọ́ sí wà níbẹ̀. Ní ìparí 2025, owó mẹ́mọ́rì fò sókè káàkiri ayé nítorí pé àwọn tí ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ AI ń rà á yanturu. A kò sọ pé ti àdúgbò wa ni ó jẹ̀bi o. Ṣùgbọ́n GB 16 DDR4 wà lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀, a tú u lára kọ̀ǹpútà kan tí ó ti kú, àwọn Ryzen tuntun tí ń lo AM5 láti 2022 kò sì gba DDR4. Bí a bá lọ sí ọ̀dọ̀ wọn, a óò ra mẹ́mọ́rì pẹ̀lú. Nítorí náà ni a ṣe mú Ryzen 5 5600 ti AM4: core 6, watt 65, ohun tí ń fi atẹ́gùn tù ú lára sì wà nínú páálí rẹ̀. £74 ni a san. Owó kù tí ó tó ra káàdì RX 6600 àlòkù.

Àṣìṣe wa nìyí. Bọ́ọ̀dù B450 àlòkù ni a rà, ẹni tí ó tà á fún wa sì búra pé yóò gba 5600. A to gbogbo rẹ̀ tán ní alẹ́ Friday, a tan iná, fáànù ń yí, ojú móńítọ̀ dúdú bí òru. Ọjọ́ méjì ni a fi rò pé £74 wa ti wọmi. Ọdún 2018 ni irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ jáde, 5600 kò tíì sí láyé nígbà náà, BIOS tí ó wà nínú rẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ wa kan láti Barking ni ó gbà wá: ó yọ Ryzen 5 2600 tirẹ̀, ó fi ìbọ̀sẹ̀ wé e, ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin District wá. (Ẹ má ṣe fi ìbọ̀sẹ̀ wé prósẹ́sọ̀ o.) Pẹ̀lú tirẹ̀ bọ́ọ̀dù náà jí, a fi BIOS tuntun sí i, a dá tiwa padà, ó ṣiṣẹ́. Ẹ bèèrè BIOS kí ẹ tó sanwó, kí ẹ má bàa gbààwẹ̀ ọjọ́ méjì bíi tiwa.

Arákùnrin wa tí ó kó owó rẹ̀ padà kò fẹ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ní òun kò dá nínú rẹ̀. A sọ fún un pé mẹ́mọ́rì tí ó wà nínú rẹ̀, ara kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tí ó kú ni a ti tú u. Football Manager ni ó ń ta báyìí, prósẹ́sọ̀ sì ni géèmù yẹn ń fi ṣiṣẹ́ jùlọ, nítorí líìgì tí ó ń ṣírò lẹ́ẹ̀kan náà. Dagenham & Redbridge ni ó mú, ẹgbẹ́ tí pápá rẹ̀ wà ní Victoria Road níbí. Ní Saturday tí ó kọjá ó ti gbé wọn dé ipò kẹta, ó sì ń wá ẹni tí yóò gbá apá òsì fún un.