Ta Ló La Ògiri Wa?

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Tí a bá ti pa òwe yìí báyìí, aláǹgbá la máa ń dá lẹ́bi: òun ló wọlé, òun ló ba nǹkan jẹ́. Bẹ́ẹ̀ òwe náà ò bá aláǹgbá wí rárá. Aláǹgbá ti wà níta láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ilé, ibi tó máa gbà wọlé ló ń wá. Onílé tó rí i pé ògiri ń sán, tí kò po amọ̀ dí i, ni òwe náà kọjú sí.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa ní Ọ̀yọ́ ju ibòmíì lọ. Àgó-Ọjà ni wọ́n ń pe ìlú tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ lónìí kí Àtìbà tó tẹ̀ ẹ́ dó bí olú-ìlú, nítorí Ọ̀yọ́-Ilé ti tú. Kó tó tú, Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ti ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin, ó sì ké sí Álímì, àlùfáà Fúlàní, pé kó wá ran òun lọ́wọ́ ní Ìlọrin. Àwọn tó pè náà ló pa á, ìran Álímì ló sì ń jọba níbẹ̀ títí di òní. Ògbómọ̀ṣọ́ ló gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ogun tó tẹ̀lé e lé kúrò nílé.

Ní nǹkan bí ogóje ọdún lẹ́yìn náà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló tún wà láàrin ọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ Action Group, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1951 bí ẹgbẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà ìdìbò 1959, ó rí ìjókòó 73 gbà nílé aṣòfin àpapọ̀; 25 nínú rẹ̀ wá láti Àríwá, 14 láti Ìlà-Oòrùn. Ẹgbẹ́ náà ti ń di ti gbogbo Nàìjíríà. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà, lọ ṣe olórí alátakò ní Èkó, Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo ń sọ, sì di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Awólọ́wọ̀ fẹ́ kí ẹgbẹ́ máa tàn kálẹ̀, kó sì máa ta ko ìjọba àpapọ̀. Akíntọ́lá ní kí oníkálukú di ẹkùn tirẹ̀ mú, kí Yorùbá bá àwọn ará Àríwá ṣe ìjọba, kí ìpín wa má bàa bọ́.

Èrò méjèèjì ló ní ìdí. Àríyànjiyàn kì í la ògiri. Ilé tí kò bá ti sí àríyànjiyàn, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé ibẹ̀.

Àmọ́ ní oṣù Kejì ọdún 1962, Akíntọ́lá àti àwọn èèyàn rẹ̀ fi àpéjọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Jos. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, ẹgbẹ́ ní kó kúrò nípò. Gómìnà, tó tún jẹ́ Ọọ̀ni Ifẹ̀, Adésọjí Adérẹ̀mí, yọ ọ́, ó sì fi Dauda Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ 25, wọ́n fi àga jà nílé aṣòfin n'Íbàdàn. Ní ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì. Ibi tí ògiri ti là nìyẹn.

Akíntọ́lá dá ẹgbẹ́ UPP sílẹ̀, ó sì padà sípò ní oṣù Kìíní ọdún 1963. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n rán Awólọ́wọ̀ lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Wọ́n gé ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn kúrò lára wa. Àwọn ará ibẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gé Àríwá tàbí Ìlà-Oòrùn nígbà náà. Lọ́dún 1964, UPP àti àwọn kan láti NCNC di NNDP, tí aráyé ń pè ní Dẹ́mọ̀. Ẹgbẹ́ tó ń tàn ká Nàìjíríà wá di ìyekan méjì tó ń jà lórí ẹkùn kan ṣoṣo. Ọdún náà ni Akíntọ́lá jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, oyè tí Aláàfin ń fi jẹ. Ìdìbò oṣù Kẹwàá 1965 bí rògbòdìyàn Wẹ́tìẹ̀. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, 1966, àwọn sójà pa Akíntọ́lá n'Íbàdàn.

Títí di òní, Ògbómọ̀ṣọ́ ń gbèjà ọmọ rẹ̀, àwọn mìíràn ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Òwe wa ò béèrè ẹni tó gbọ́n jù. Ó ń béèrè ẹni tí kò po amọ̀. Ẹni tó fi agbára òde borí ará ilé jẹ̀bi. Ẹgbẹ́ tó yára lé ọmọ jáde kó tó tọ́jú ọgbẹ́ náà jẹ̀bi.

Irú rẹ̀ tún ti ṣẹlẹ̀: ẹ wo PDP, tó ṣèjọba Nàìjíríà fún ọdún 16. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ó ṣe àpéjọ n'Íbàdàn, ó sì kéde pé òun lé Nyesom Wike àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀. Ìhà kejì ní àwọn ò gbà, ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn gómìnà rẹ̀ ti bọ́ sí APC lọ́kọ̀ọ̀kan. Adélékè ti Ọ̀ṣun gba inú Accord lọ.

Bí ìdìbò bá dé, wọn ó wá sí ọjà Àkẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, wọn ó wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀lú àsíá tuntun. Ẹ má kọ́kọ́ bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa ṣe fún wa. Ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n ṣe láti tún ẹgbẹ́ tí wọ́n ti wá ṣe kí wọ́n tó fi í sílẹ̀, àti ẹni tí wọ́n lọ bá lóde kí wọ́n lè borí. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kò yẹ ní ẹni tí a ó fa ìlú lé lọ́wọ́.