Ọ̀nà Òkè Ìdànrè Kò Pin Síbi Àtẹ̀gùn

Ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ̀ pé àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ibi ìsinmi márùn-ún ló sì wà lójú ọ̀nà. Orúnkún èmi tí mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún kò gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ibi tí àtẹ̀gùn parí sí gan-an ni ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú àtijọ́ wà lókè: ààfin Ọwá, ilé ẹjọ́, ipasẹ̀ Agbóògùn. Ojú ọ̀nà kan wà fún àlejò, òmíràn sì jẹ́ èèwọ̀. Ẹnu àgbà ìlú la ti ń gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ tí mo gùn ún kẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń wá ibi tí wọn yóò ti ya fọ́tò yà kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n ń rìn lórí àpáta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ọ̀kan yọ̀; ọpẹ́lọpẹ́ igi kékeré kan tó dì mú. Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n wọn kò bèèrè.

Láti 2007 ni òkè yìí ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà kọ sílẹ̀ fún UNESCO pé ó yẹ ní ohun àjogúnbá ayé. Ó dára, àmọ́ ìwé kì í yẹ ọ̀nà. Ẹ̀bẹ̀ mi sí gbogbo agbolé tó ní ojúbọ lókè ni pé kí wọ́n máa mú ọmọ dání nígbà tí wọ́n bá ń lọ yẹ ọ̀nà. Ọ̀nà tí àgbà kò bá fi han ọmọ, igbó ni yóò jogún rẹ̀.

Kí Ifá má jẹ̀ẹ́ ká ṣìnà. Àṣẹ.