Bí A Bá Da Káńsù Pọ̀, Ilẹ̀kùn Ta Ni Aráàlú Yóò Kàn?

Láti ọdún 2024 ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn nílẹ̀ ní Alímọ̀ṣọ́. Bí a bá ti kírun Jímọ̀ tán, àwọn ọ̀dọ́ a máa tọ̀ mí wá, wọn a ní: "Àfáà, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n fẹ́ da àwọn káńsù wa pọ̀ padà? Bí wọ́n bá dà wọ́n pọ̀, níbo ni a ó ti máa sọ ẹjọ́ gọ́tà wa, ọ̀nà wa, àti ilé tí ẹnì kan kọ́ dí ojú àgbàrá?" Ìbéèrè gidi ni ìbéèrè yìí, kì í sì í ṣe ti àwọn olóṣèlú nìkan. Ìdí nìyí tí mo fi rí i pé ó yẹ kí n kọ èrò mi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 péré ni òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 kà fún Ìpínlẹ̀ Èkó, Alímọ̀ṣọ́ sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní ọdún 2003, ìjọba Bọ́lá Tinúbú dá 37 mìíràn sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì di 57. Alímọ̀ṣọ́ nìkan pín sí mẹ́fà: Alímọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀, Àgbàdo/Òkè-Odò, Ayọ̀bọ̀-Ìpájà, Ẹ̀gbẹ-Ìdímù, Ìkọ̀tún-Ìgàndò àti Mọ́sàn-Òkúnọlá. Ìdí tí wọ́n fi pín in kò fara sin. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, àwọn tí ìjọba àpapọ̀ kà ní Alímọ̀ṣọ́ ju mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba lọ. Ìjọba Èkó ní tirẹ̀ kà ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn báyìí kò lè tò sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì kan ṣoṣo.

Ní ọdún 2004, ìjọba àpapọ̀ dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá ọdún náà, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sọ pé Ààrẹ kò ní agbára láti dá owó náà dúró. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ náà tún sọ pé iṣẹ́ dídá àwọn káńsù tuntun sílẹ̀ kò tíì parí, àfi bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bá kọ orúkọ wọn sínú òfin orílẹ̀-èdè. Bí wọ́n ṣe di káńsù ìdàgbàsókè, tí a ń pè ní LCDA, nìyẹn.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ kan náà pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 tí ó wà nínú òfin máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí, ní oṣù Kẹwàá, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó pe aráàlú láti sọ èrò wọn lórí àbádòfin kan tí yóò sọ àwọn LCDA di ẹ̀ka ìṣàkóso lábẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 20. Ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù ti mú àwọn ènìyàn. Lóòótọ́, wọ́n dìbò sí gbogbo káńsù 57 ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025, àwọn alága sì wà lórí àga. Ṣùgbọ́n ìdìbò nìkan kò lè kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú òfin orílẹ̀-èdè.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fiyè sí ni pé, ní ti ètò ilẹ̀ àti ilé kíkọ́, ìdàpọ̀ tí a ń bẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́. Òfin tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1992 là á sílẹ̀ pé kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àjọ tirẹ̀ tí yóò máa bójú tó ètò ìlú. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2003, nínú ẹjọ́ tí Èkó pe ìjọba àpapọ̀, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni àṣẹ ètò ìlú wà. Òfin Èkó ti ọdún 2010 sì kó iṣẹ́ náà fún àwọn àjọ ìpínlẹ̀: LASPPPA ni ó ń fọwọ́ sí pílánù ilé, LASBCA ni ó ń ṣọ́ ilé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ káńsù ni orúkọ òpópónà, nọ́ńbà ara ilé, ọjà, ibùdókọ̀, gọ́tà àti ọ̀nà kéékèèké. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń kọ́ ilé sórí ojú omi ní àdúgbò yín, tí ẹ sì sáré lọ sí káńsù, wọn yóò sọ fún yín pé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ ni. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ti ìpínlẹ̀, wọn a ní kí ẹ kọ ìwé sílẹ̀. Kí ìwé náà tó dé ibi tí ó ń lọ, òrùlé ti dé orí ilé.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe òdodo sí àwọn tí ó fẹ́ ìdàpọ̀. Wọ́n ní àwọn alága mẹ́fà, àwọn ìgbìmọ̀ mẹ́fà àti ọkọ̀ wọn ń jẹ owó tí ìbá fi ṣe ọ̀nà. Wọ́n tún ní àgbàrá kò mọ ààlà káńsù. Omi tí ó ṣàn láti Ẹgbẹ́dá kò ní béèrè ìwé àṣẹ kí ó tó wọ Ìdímù. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ wo àkìtàn Solous ní Ìgàndò, tí ilé yí ká, tí ilé ìwòsàn ìjọba kò sì jìnnà sí i. Káńsù kan ṣoṣo kò lè dá yanjú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kò sì yẹ kí á gbàgbé pé káńsù tí ó súnmọ́ ilé nìkan kò tó. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ilé àlejò ìjọ Synagogue Church of All Nations wó ní Ìkọ̀tún níhìn-ín, ènìyàn 116 sì kú, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará South Africa. Adájọ́ tí ó ṣe ìwádìí ikú wọn sọ ní ọdún 2015 pé wọn kò gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó kọ́ ilé náà. Èmi kò sọ èyí láti fi ẹlẹ́sìn mìíràn ṣe ẹlẹ́yà, nítorí òkú kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Mélòó nínú mọ́sálásí wa tí a ti fi àjà kún ni ó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́? Káńsù ìdàgbàsókè wà nígbà náà, àjọ ìpínlẹ̀ wà, aráàdúgbò sì ń wo ilé náà bí ó ti ń ga sí i.

Ìtàn kan wà tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu púpọ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ ìlú Kufa dó ní ọdún 17 Híjírà, ìyẹn bí ọdún 638, Umar ọmọ Khattāb (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) ni ó pàṣẹ ètò ìlú náà láti Mẹ̀dínà. At-Tabarī sọ fún wa pé ó ní kí àwọn ọ̀nà ńlá fẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ 40, kí àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn jẹ́ 30 àti 20, kí ọ̀nà tóóró sì jẹ́ 7. Ẹ ò rí i pé àṣẹ láti òkè kò burú nínú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sa'd ọmọ Abī Waqqās, gómìnà Kufa, fi ilẹ̀kùn sí ilé rẹ̀ nítorí ariwo ọjà, tí Umar sì gbọ́ pé ilẹ̀kùn náà ń ya àwọn ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó rán Muhammad ọmọ Maslama láti lọ dáná sun ilẹ̀kùn náà. Sa'd kì í ṣe ènìyàn lásán. Ọ̀kan nínú àwọn tí a fún ní ìró Àlùjánnà ni. Síbẹ̀, wọ́n sun ilẹ̀kùn rẹ̀.

Èrò mi nìyí: kì í ṣe iye káńsù ni ó yẹ kí á máa jà lé lórí jù, bí kò ṣe ilẹ̀kùn. Yálà wọ́n dà wọ́n pọ̀ o, yálà wọn kò dà wọ́n pọ̀ o, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí aráàlú béèrè fún.

Èkíní, kí ọ́fíìsì tí a ti lè sọ ẹjọ́ ilé kíkọ́ wà ní ibi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí òṣìṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀ sì ní àṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró, kì í ṣe láti gba ìwé nìkan. Ará Ìgàndò kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ mẹ́ta kí ó tó rí ẹni tí yóò gbọ́ tirẹ̀.

Èkejì, abala keje nínú òfin orílẹ̀-èdè sọ pé ojúṣe ìjọba ìbílẹ̀ ni láti kópa nínú ètò ọrọ̀-ajé àti ìdàgbàsókè agbègbè rẹ̀, àti pé kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣe òfin tí yóò gbé ìgbìmọ̀ ètò kalẹ̀ fún un. Kí aráàdúgbò, ọlọ́jà, obìnrin àti ọ̀dọ́ láti ibi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní àga nínú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí á máa fi ètò han àwọn ènìyàn kí á tó fọwọ́ sí i. Ìjọba Èkó ti ṣe pílánù ìlú àwòkọ́ṣe fún Alímọ̀ṣọ́. Mélòó nínú wa ni ó ti fojú rí i? Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri mọ́sálásí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà, kí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè Yorùbá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ó ku apá tiyín. Ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tí a ń pè ní CDA, ń wáyé ní òpópónà yín, àwọn arúgbó nìkan ni ó ń jókòó síbẹ̀. Àwa tí a ń ka Súratu Ash-Shūrā, níbi tí Ọlọ́hun ti ka àwọn tí ń fi ìmọ̀ràn ṣe ọ̀rọ̀ wọn mọ́ àwọn olùkírun, kò yẹ kí á máa sá fún ìjókòó ìmọ̀ràn. Bí ẹ bá ń lọ sí yunifásítì, kí díẹ̀ nínú yín kọ́ ẹ̀kọ́ ètò ìlú àti ilẹ̀ wíwọ̀n. Bí ilé aṣòfin bá sì tún pe aráàlú, ẹ lọ, ẹ mú ìwé lọ́wọ́, ẹ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ní tiwa, kí ìgbìmọ̀ mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan lọ wá ìwé àṣẹ ilé wọn jáde. Bí kò bá sí, kí wọ́n lọ gbà á kí a tó tún gbé búlọ́ọ̀kù kan lé òmíràn.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn olórí wa ní etí ìgbọ́, kí ó sì fún àwa náà ní ẹnu òdodo. Wasalāmu alaykum.