Ẹ Jẹ́ Kí Á Máa Ka Ìpanu Mọ́ Oúnjẹ

   Lóṣù yìí a ò bá yín sọ̀rọ̀ owó ṣọ́ọ̀bù, a ò sì bá yín sọ̀rọ̀ gọ́tà. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni a fẹ́ sọ, àwọn nǹkan tí à ń jù sí i láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Àwọn tó ń ti ọsibítù dé nínú wa ti ń pọ̀ jù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ti ẹlòmíì, àtọ̀gbẹ ni ti ẹlòmíì, orúnkún ni ti ẹlòmíì tí kò lè dìde lórí àpótí mọ́. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ fún gbogbo wọn: ẹ dín ara kù, ẹ máa wọn oúnjẹ. Bí wọ́n bá dé ọjà, wọn á ní àwọn ò ní fẹnu kan ìpanu mọ́ láéláé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni, ó pẹ́ tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bó bá di ọjọ́ tí ebi pa wọ́n dáadáa, tí ọmọ oní-pọ́fù-pọ́fù wá gba iwájú ìsọ̀ kọjá, wọn á rà á bí ẹni tó ń gbẹ̀san. Lẹ́yìn náà wọn á ní ọ̀rọ̀ dókítà kò ṣeé tẹ̀ lé, wọn á sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo làwọn ń jẹun lójúmọ́, síbẹ̀ ara ò dínkù. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa o. Èdè wa ló fà á. Lẹ́nu àwa Yorùbá, ẹ̀bà ni oúnjẹ, ìrẹsì ni oúnjẹ, àmàlà ni oúnjẹ. Bọ́ǹsì méjì pẹ̀lú mínírà kì í ṣe oúnjẹ lẹ́nu wa, a kàn fi panu ni. Gààrí gan-an, mímu là ń mu ún, a kì í jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè panu láti aago méje títí di aago mẹ́rin, tí yóò sì sọ tọkàntọkàn pé, "Mi ò tíì jẹun láti àárọ̀ o." Ẹnu ò kà á, ṣùgbọ́n ara kà á.

Ẹ jẹ́ kí á fi owó ṣàlàyé rẹ̀, nítorí owó ló yé wa jù. Kálórì ni orúkọ tí wọ́n fi ń wọn agbára tó wà nínú oúnjẹ, bí a ṣe ń fi náírà ka owó. Obìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ kò le jù, nǹkan bíi 2,000 kálórì ló ń ná lóòjọ́. Àwa tí a ń jókòó sídìí ọjà lè má ná tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń pa owó wọlé ju èyí tó ń ná lọ, èyí tó ṣẹ́kù á lọ sí báńkì, báńkì ọ̀hún náà sì ni ikùn àti ìdí. Bí wọ́n bá fẹ́ kí obìnrin dínkù díẹ̀díẹ̀, wọ́n lè bù ú sí 1,500. Iye tí wọ́n bá kọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kí ó tẹ̀ lé, nítorí ara ò dọ́gba. Ohun tí a fẹ́ kó yé wa ni pé láti inú 1,500 yẹn ni owó ìpanu ti ń jáde. Kò ní àpò tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ wò ó bó ṣe ń rí. Gíráàmù kan ṣúgà, kálórì 4 ni. Gíráàmù kan òróró, kálórì 9 ni, ì báà jẹ́ epo pupa, ì báà jẹ́ òróró ẹ̀pà. Ṣíbí ìjẹun kan ṣoṣo òróró ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kálórì 120. Ìdí rèé tí ohun tí a dín fi ń wọ́n ju ohun tí a sè lọ: ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan náà ni bọ̀ọ̀lì àti dòdò, ṣùgbọ́n dòdò ti mu òróró yó.

Ẹ tún wo gààrí ọ̀sán. Gààrí gíráàmù 100, tí kò ju abọ́ kékeré kan lọ, ń lọ sí kálórì 350. Ṣíbí tíì mẹ́rin ṣúgà, ó lé ní 60. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà yíyan kan, nǹkan bíi gíráàmù 30, ó ń lọ sí 170. Àpapọ̀ rẹ̀ á lé díẹ̀ ní 580. Ẹni tí wọ́n fún ní 1,500 ti ná ju ìdá mẹ́ta owó ọjọ́ náà lọ, kò sì tíì "jẹun".

A ò torí èyí sọ pé kí ẹnikẹ́ni má mu gààrí o. Ta ni yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yewa? Ohun tí a sọ ni pé ọjọ́ tí a bá mu ún, kí a kà á sí oúnjẹ ọ̀sán wa, kí a má tún jẹ ẹ̀bà tẹ̀ lé e.

Mínírà ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀ lójú tiwa, nítorí kì í yó èèyàn. Èyí tó bá ní ṣúgà gíráàmù 10 nínú mílílítà 100, ìgò 50 cl rẹ̀ ní gíráàmù 50, ìyẹn ju ṣíbí tíì 12 lọ. Ẹ gbìyànjú kí ẹ bu ṣíbí ṣúgà 12 sínú ife omi kan lójú ara yín, kí ẹ wò ó bóyá ẹ lè gbé e mu. Ní 2015, àjọ elétò ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ṣúgà tí a ń bù sí nǹkan kò gbọdọ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá kálórì tí èèyàn ń jẹ lóòjọ́. Fún ẹni tó ń jẹ 2,000, gíráàmù 50 náà ni ibi tí kò gbọdọ̀ dé. Ìgò kan ti gbé e débẹ̀. Ìjọba fi òfin ìṣúná ọdún 2021 bu owó-orí náírà 10 lé lítà kan irú ohun mímu bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a ò rí ẹni tí náírà 10 lé kúrò nídìí kúlà ní ọjà yìí.

Àwọn kan á ní, "Ìdílé wa ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru." Òótọ́ lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1997, àwọn oníwádìí gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àwa aláwọ̀dúdú tí orírun wa jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Igbó-Ọrà wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é, pẹ̀lú Ìbàdàn. Nínú 100 èèyàn tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín, nǹkan bíi 16 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Láàárín àwọn ìbátan wa ní erékùṣù Káríbíà, ó di 26. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nítòsí Chicago ní Amẹ́ríkà, ó di 33. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, ìran kan náà. Sísanra àti iyọ̀ wà lára ohun tí wọ́n rí pé ó ń gbé e ga. A bẹ̀rù pé bọ́ǹsì àti mínírà ń gbé Amẹ́ríkà wá bá wa ní Owódé láìgba físà.

Ẹ wá gbọ́ bí a ṣe lè máa panu lọ láìṣẹ̀ sí ìwé dókítà. Àkọ́kọ́, kí á jẹun àárọ̀. Ẹ̀kọ kan pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín dára púpọ̀. Ẹni tí kò jẹun àárọ̀ ló máa ń di ẹran ọdẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri. Lẹ́yìn náà, kí á ti ilé mú ìpanu wa dání, kí á sì mọ iye tí yóò jẹ́: ọsàn kan àbí méjì, kùkúḿbà, ìgbá, àgbálùmọ̀ bí àsìkò rẹ̀ bá dé, ẹyin sísè kan, ẹ̀pà sísè tàbí àgbàdo sísè. Ẹyin kan kò ju nǹkan bíi kálórì 75 lọ, ọsàn kan ò ju 70 lọ dáadáa, kùkúḿbà kò sì ká nǹkankan. Kí á jẹ ọsàn náà tòun ti ẹran rẹ̀, kí á má fún un mu. Ẹni tí kídìnrín ń yọ lẹ́nu, kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó máa jẹ èso báyìí.

Àwọn tó ń ta ìpanu nínú wa, ọ̀rọ̀ tiyín tún yàtọ̀. Ẹni tó ń ta ẹ̀pà, tó ń fọwọ́ kan bù ú tà, tó ń fi ọwọ́ kejì jù ú sẹ́nu, owó ìyá ló ń jẹ, kálórì ló sì ń jẹ. Ẹ wọn tiyín sínú abọ́ láàárọ̀. Bó bá tán, ó tán.

Ní ti kókóró, a ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wa bú u. Ìmáṣàyí kò jìnnà sí wa, kókóró wọn sì ti rin ìrìn-àjò ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Àgbàdo ni, òróró ló fi jinná, ó sì máa ń ní ṣúgà, nítorí náà kì í ṣe ohun tí à ń jẹ ní ìdì-ìdì nínú mọ́tò láti Ìlaro dé ilé. Oore tó wà lára rẹ̀ ni pé gbígbẹ ni, kì í tètè bàjẹ́. Ẹ mú díẹ̀ níbẹ̀, ẹ di ìyókù, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ò tó títí di ọjọ́ mìíràn. Pọ́fù-pọ́fù ò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ pé bó bá di alẹ́ kò dùn mọ́, ohun tó sì ń mú wa jẹ ẹ́ tán nìyẹn. Ẹ ra ẹyọ kan, kí ẹ jẹ ẹ́ lójú ayé, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú oúnjẹ alẹ́. Èyí tó sàn ju kí á fẹ̀jẹ̀ búra lọ́jọ́ Ajé, kí á sì jẹ mẹ́jọ lọ́jọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan rèé tí a ò gbọdọ̀ fi ṣeré. Ẹni tó bá ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì tàbí tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, kó má febi para ẹ̀ nítorí pé ó ń dín ara kù. Ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Ara á máa gbọ̀n, òógùn á bo o, ojú á máa ṣú u, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dà bíi ti ẹni tó mutí. Ẹ̀yin tí ìsọ̀ yín jọ kángun síra, ẹ bu ṣíbí tíì mẹ́rin ṣúgà sómi fún un kíá, tàbí kí ó mu ìdajì ife mínírà tó ní ṣúgà. Bí ìṣẹ́jú 15 bá kọjá tí kò tíì bọ̀ sípò, ẹ tún fún un. Bó bá ti bọ̀ sípò, kí ó jẹun. Ṣùgbọ́n bí kò bá lajú mọ́, tí kò lè dá gbé nǹkan mì, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu o, ọsibítù ni kí ẹ sáré gbé e lọ. Oògùn ni ṣúgà ọjọ́ náà, ẹ má fi ṣe àwáwí fún mínírà ojoojúmọ́.

Ó wá kan ìpàdé ẹgbẹ́ wa. Mínírà, bọ́ǹsì àti ṣíńṣíń ni a máa ń pín, a ó jókòó gba ìmọ̀ràn nípa ẹ̀jẹ̀ ríru tán, a ó wá ṣí ìgò lé e lórí. Ìgbìmọ̀ ti jíròrò rẹ̀. Láti ìpàdé tó ń bọ̀, omi, ọsàn, ẹ̀pà sísè àti mọ́ínmọ́ín ni a ó máa pín. Mínírà ò ní kúrò pátápátá nítorí àlejò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ni yóò béèrè. Ẹ̀yin oní-bọ́ǹsì wa ti fi ẹ̀hónú hàn pé a fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu yín, a sì gbọ́. A ò lé oníbàárà yín, ọjà yín wà níbẹ̀. Iṣẹ́ mọ́ínmọ́ín ìpàdé náà, ẹ̀yin la ó kọ́kọ́ fi lọ̀. Owó tí a ń ná tẹ́lẹ̀ náà ni a ó ná, kò ní lé, kò ní dín. Ẹni tó bá fẹ́ sè é, kó wá kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ọ̀sẹ̀ ìpàdé tó wọlé, kó sì mú ẹyọ kan wá kí ìgbìmọ̀ tọ́ ọ wò.