Ọgbà Ni Ó Ń Ṣọ́ Ẹ̀fọ́, Kì í Ṣe Májèlé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹranko àti ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé rí. Ewúrẹ́ kò lè sọ pé òun kò ní jẹ tẹ̀tẹ̀ tí òun bá rí, ọ̀yà kò sì lè ka ìkìlọ̀ tí a kọ sára ògiri. Ẹni tí ó gbin nǹkan ni yóò wá ọ̀nà tí wọn kò fi ní rí i jẹ. Ọ̀nà náà gan-an ni ọ̀rọ̀ wa lónìí, nítorí pé ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko, ohun tí àwọn kan ń lò láti lé ẹranko léwu ju ẹranko náà lọ.

Ìdí tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi padà sí gbígbin nǹkan kò farasin. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni owó oúnjẹ ti ń fò sókè. Ìṣirò àjọ NBS fún oṣù Kejìlá ọdún 2024 fi hàn pé owó oúnjẹ fi ohun tí ó lé ní 39 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó ní ilẹ̀ bí ẹní méjì lẹ́yìn ilé gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ sí i. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ rárá kó iyẹ̀pẹ̀ sínú àpò àti táyà àlòkù, ó sì gbin ata àti ṣọkọ. Ẹ̀fọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń bomi rin láràárọ̀ kì í ṣe ohun eré. Owó ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan ni ewúrẹ́ máa ń jẹ tán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń gbin ewúro sẹ́yìn ilé, àgbọ̀nrín ni ó ń da onílé láàmú. Ní tiwa, ẹni tí ó bá ń ṣọ́ àgbọ̀nrín nínú ọgbà ní Okokomaiko, àgbọ̀nrín èṣí ló ń jẹ lọ́bẹ̀. Àwọn tí ń fìyà jẹ wá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ àti adìẹ aládùúgbò ni ó ṣáájú. Lẹ́yìn wọn ni òkété àti eku, tí ń hú ẹ̀gẹ́ àti ọ̀dùnkún lóru. Ìgbín a máa jẹ ewé tútù lẹ́yìn òjò. Ẹyẹ ẹ̀gà a máa ya ewé àgbàdo láti fi kọ́ ìtẹ́, a sì tún padà wá jẹ ọmọ rẹ̀. Níbi tí àbàtà àti koríko gíga bá ṣì kù sí, ọ̀yà a máa gé igi àgbàdo lulẹ̀ bí ẹni fi àdá gé e.

Kí a tó pe àwọn wọ̀nyí ní olè, ẹ jẹ́ kí a rántí ẹni tí ó kọ́kọ́ dé. Ìpínlẹ̀ Èkó kò tóbi: gbogbo rẹ̀ kò ju 3,577 kìlómítà lọ ní ìbú àti òòró, ọ̀sà àti omi mìíràn sì gba nǹkan bí 22 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Àwọn Àwórì tí ó tẹ Ọ̀jọ́ dó, apẹja àti àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì mọ ibi tí ẹranko ń gbà. Títì márosẹ̀ tí ó lọ sí Badagry dé, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó dé ní ọdún 1983, ọjà Alábà gbòòrò, àìmọye ilé sì tẹ̀ lé wọn. Àbàtà tí a da yanrìn sí kì í pa gbogbo ohun tí ń gbé inú rẹ̀. Àwọn tí ó bá yè é a máa wá ewé tútù tí ó súnmọ́ wọn jù, èyí kì í sì í pẹ́ jẹ́ ẹ̀yìnkùlé ẹnì kan. Àwa ni a lọ bá ẹranko níbi tí ó wà.

Ohun tí ó ń dunni ni pé májèlé ni ọ̀pọ̀ ń sáré sí. Wọn a po oògùn eku mọ́ gààrí tàbí ẹja gbígbẹ, wọn a sì gbé e sí ẹ̀bá ebè. Àwọn mìíràn a fọ́n oògùn kòkòrò olómi, irú èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Sniper tàbí ọ̀tapíapía, sára ẹ̀fọ́ fúnra rẹ̀, pé kí ewúrẹ́ tí ó bá jẹ ẹ́ má tún padà wá mọ́.

Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Ẹ jẹ́ kí a tọ ipa májèlé náà láti ẹ̀bá ebè lọ. Ewúrẹ́ tí ó jẹ ẹ́ lè má kú síbẹ̀; ó lè rìn gbéregbère dé ilé. Nígbà tí olówó rẹ̀ bá rí i pé ó ń gbọ̀n, tí itọ́ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀, yóò sáré mú ọ̀bẹ, yóò dú u kí owó rẹ̀ má bàa ṣòfò. Ẹran náà a di ọbẹ̀, tàbí kí ó dé orí tábìlì alápatà. Ta ni ó lè búra pé ẹni tí ó po májèlé náà kọ́ ni yóò rà á?

Ti eku kò yàtọ̀. Púpọ̀ nínú oògùn eku òde òní kì í pa á lójú ẹsẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́, ó sì lè lo ọjọ́ mélòó kan kí ó tó kú. Láàrin ọjọ́ wọ̀nyẹn, ológbò tàbí òwìwí lè gbé e jẹ, májèlé a sì wọ ara àwọn náà. Bẹ́ẹ̀, òwìwí tí a máa ń sọ lókùúta pé ẹyẹ àjẹ́ ni, eku ni oúnjẹ rẹ̀ lálaalẹ́. Ẹni tí ó bá pa ọdẹ tí kì í gba owó oṣù, kí ó má yà á lẹ́nu bí olè bá pọ̀ sí i ládùúgbò. Ní ti ọmọdé tí ń rá, kò mọ ìyàtọ̀ láàrin gààrí àti gààrí olóró. Ẹ̀fọ́ tí a fọ́n oògùn sí ńkọ́? Omi iyọ̀ tí a fi ń fọ ewé kò lè fọ gbogbo oògùn náà kúrò.

Ìjọba pàápàá ti rí ewu yìí. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa dichlorvos, èròjà tí ó wà nínú Sniper, ní ìgò kékeré 100ml fún aráàlú, nítorí bí a ṣe ń ṣì í lò. Síbẹ̀, òfin kò lè wọ ẹ̀yìnkùlé gbogbo wa. Àwa fúnra wa ni yóò pinnu ohun tí yóò wọ ibẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé eku ni mo ń gbèjà. Ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní apá àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà ní ọdún 1969, eku ni ó ń gbé e kiri, nípa ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. A gbọ́dọ̀ dènà eku, ṣùgbọ́n ohun tí ń pè é wá ni kí a kọ́kọ́ mú kúrò: àkìtàn tí a gbé ti ògiri, àgbàdo tí a sá sílẹ̀ di òru, igbó tí a kò ro. Lẹ́yìn náà ni kí a dẹ tàkúté sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ wo bí àwọn baba wa ṣe ń sọ̀rọ̀. Igi tàbí ògiri tí a fi yí ilẹ̀ ká, ọgbà ni orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ tí ó wà láàrin rẹ̀, tí a gbin nǹkan sí, ọgbà náà ni a ń pè é. Ó dà bí ẹni pé lójú wọn, ilẹ̀ tí a kò fi nǹkan yí ká kò tíì di ọgbà. Àwa ni a yí i padà, tí a ń gbin nǹkan tán kí a tó máa ronú ohun tí yóò ṣọ́ ọ. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Ọgbà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ti olówó. Nítorí pé àgbọ̀nrín mọ̀ ọ́n fò, ọgbà tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ni àwọn onímọ̀ ń dámọ̀ràn ní Amẹ́ríkà. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tó fún ewúrẹ́ tiwa, bí a kò bá ti gbé búlọ́ọ̀kù tàbí àgbá tí ó lè gùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọparun tí a là, tí a sì so pọ̀, lè ṣe é. Ẹni tí ó ní sùúrù lè gbin làpálàpá yí ilẹ̀ rẹ̀ ká, nítorí pé ẹran kì í jẹ ẹ́; ṣùgbọ́n kí ó máa já èso rẹ̀ dànù, torí pé ó ní oró fún ọmọdé. Ní ti ọ̀yà, kì í fo ọgbà kọjá. Abẹ́ rẹ̀ ni ó ń wá. Kí a ri ẹsẹ̀ àwọ̀n onírin mọ́lẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí a sì ro koríko gíga tí ó wà nítòsí, nítorí pé ọ̀yà kò fẹ́ràn láti rìn ní gbangba. Fún ẹyẹ àti adìẹ, àwọ̀n àlòkù tí àwọn apẹja etí omi kò lò mọ́ wúlò púpọ̀, bí a bá nà án dáadáa, tí a sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́ kí ẹyẹ má bàa há sínú rẹ̀. Àpò tí a gbin ata sí, kí a gbé e sórí pákó gíga. Ìgbín ní tirẹ̀ kò nílò oògùn kankan: ẹni tí ó bá gbé tọ́ọ̀ṣì jáde lálẹ́ lẹ́yìn òjò yóò ṣà á. Ó wà lára àwọn ọ̀tá ọgbà tí a lè fi ata àti àlùbọ́sà gbẹ̀san lára wọn.

Àwọn kan yóò ní ayálégbé ni àwọn, pé onílé kò ní gbà kí àwọn ri òpó mọ́lẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọ̀n àti àpò kò nílò àṣẹ onílé, a sì lè kó wọn lọ nígbà tí a bá ń kó ẹrù.

Ohun tí ó ṣòro jù kì í ṣe igi tàbí àwọ̀n bí kò ṣe ọ̀rọ̀ àárín àwa àti aládùúgbò. Ewúrẹ́ jẹ, ó relé. Àgùntàn jẹ, ó relé. Àjẹìwálé ló ba ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́. Ewúrẹ́ tí ó jẹ ẹ̀fọ́ wa, tí ó sì relé, ilé ẹnì kan ni ó ń lọ. Ó lè jẹ́ pé òun ni gbogbo owó tí opó kan fi pamọ́ de owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó pa á ti dá ẹ̀ṣẹ̀ lójú òfin, ó sì ti dá ìjà tí ó lè pẹ́ ju ẹ̀fọ́ lọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó tú ewúrẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀ tí kò bèèrè rẹ̀ títí di alẹ́ ń fi ẹran rẹ̀ jẹ oko olóko, kò sì yẹ kí a máa bẹ̀ ẹ́ bí ẹni bẹ ọba.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wà. Òfin tí Gómìnà Babajide Sanwo-Olu buwọ́ lù ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ti ka fífi màlúù jẹko ní gbangba léèwọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ṣùgbọ́n màlúù kọ́ ni ó ń jẹ ewédú wa lójoojúmọ́. Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 fi ìdarí ìrìn àti sísìn ẹran ilé lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ àti ti ìdàgbàsókè Ìbà pe àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò jọ, kí wọ́n fẹnu kò lórí òfin kékeré kan tí gbogbo ènìyàn yóò mọ̀: kí olówó ẹran so ó tàbí kí ó sé e mọ́, kí ẹni tí ẹran rẹ̀ bá ba nǹkan jẹ́ san án padà, kí ẹni tí ó bá gbé májèlé síta jìyà tí ó ju tàwọn méjèèjì lọ. Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko àti ewéko wà ní LASU, ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ sí ilé ọ̀pọ̀ nínú wa. Kí a pè wọ́n wá sí ìpàdé àdúgbò, kí wọ́n fi ọgbà tí kò náni lówó púpọ̀ han àwọn ènìyàn.

Ẹ̀yin òǹkàwé, kí ẹ tó gbin irúgbìn tí ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ wọn ilẹ̀ yín, kí ẹ sì wá ọparun tàbí àwọ̀n tí yóò yí i ká. Bí oògùn olóró bá wà lẹ́yìn ilé yín, ẹ kó o kúrò nítòsí ọmọdé àti oúnjẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ kí aládùúgbò tí ó ní ewúrẹ́, kí ẹ jọ sọ ọ̀rọ̀ náà nígbà tí kò tíì sí ìjà. Ẹ̀fọ́ tí a fi àlàáfíà gbìn, tí a kò fi oró ṣọ́, òun ni a lè gbé fún ọmọ wa láìfòyà.