ÀKÍSÀ ÀGBÀ KÌ Í ṢE KỌ́ŃDẸ́Ẹ̀MÙ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ ná! Ẹ ti sọ mí lórúkọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. "Baba Onírin" lẹ̀ ń pè mí. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ò ju pé mò ń tún Toyota Celica bàbá mi tó ti dolóògbé ṣe, èyí tó ti wà lórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìnkùlé wa ní Ìjerò látìgbà tí mo wà ní pámárì. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi kún fún wíìkọ́fà kan ṣoṣo, iná ẹ̀yìn tí mo fi àkísà wé, àti nọ́ọ̀tì inú agolo mílíìkì. Ṣé ẹ ti rẹ́rìn-ín tán? Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ti ọmọlanke wọn wọ agboolé wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí wọ́n máa kó o lọ. Owó tí wọ́n dá lé e ò tó ìdajì owó ilé-ìwé mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lọ́dún kan." Wọ́n ní, "Ṣé irin tó ti dógùn-ún lo máa jẹ ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n wọn ò purọ́. Ebi ń bẹ nílùú.

Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ohun ìṣeré òyìnbó ni Celica, ẹ ò mọ ìtàn. Ọdún 1970 ni àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde, ní 2006 ni wọ́n ṣe é kẹ́yìn. Ti 1979 ni tiwa. Àbúrò rẹ̀ ló gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Safari ní Kenya lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra, 1984, 1985 àti 1986. Ó tún gba ti Côte d'Ivoire ní 1983, 1985 àti 1986. Inú ẹrẹ̀ àti eruku Áfíríkà níbí ló ti borí! Abájọ tí òkè Ẹ̀fọ̀n ò fi dá bàbá mi dúró tí wọ́n bá ń wà á lọ sí Iléṣà.

2T ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Irú rẹ̀ wà nínú àwọn Carina àti Corolla kan ayé ìgbà yẹn, torí náà mi ò sọ̀rètí nù. Mẹkáníìkì kan ní Aràmọ̀kọ tú kábúrétọ̀ fún mi lára Carina tó ti kú. Ladípọ̀ ní Mushin ni mo ti rí páǹpù omi. Ṣùgbọ́n gíláàsì iwájú ńkọ́? Kò sí. Kí ló dé? Àwọn tó ní i ti tà á fún onírin ṣáájú wa ni!

Kì í sì í ṣe irin nìkan ni mò ń kó. Nọ́ńbà àtijọ́ tó ní OD wà lọ́wọ́ mi, ti Ìpínlẹ̀ Òǹdó, torí wọn ò tíì dá Èkìtì sílẹ̀ nígbà náà. Ó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996. Rìsíìtì tí wọ́n fi rà á wà níbẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò ìyá mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tí wọ́n fara ti bọ́ńnẹ́ẹ̀tì. Èwo ni pàǹtírí níbẹ̀?

A máa ń bínú pé òyìnbó kó ọnà wa lọ. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ dé Wembley ní 1924, kò padà wálé mọ́. Àga ọba tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó ni wọ́n fi dípò rẹ̀; British Museum nilẹ̀kùn náà wà dòní. Mi ò ní Celica ẹgbẹ́ ilẹ̀kùn yẹn o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tí kò náání tòní, kí ló fẹ́ fi sunkún tàná?

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Bí ebi bá ní kẹ́ ẹ ta tiyín, ẹ tà á, mi ò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n kí ọmọlanke tó dé, ẹ tú àmì orúkọ ara bútù, ẹ kó ìwé inú píjìnhóòlù, kẹ́ ẹ sì bi àwọn àgbà léèrè ẹni tó kọ́kọ́ wà á wọ̀lú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ẹni tó ta àkísà àgbà ti ta ohun tí owó ò lè rà padà.

Ọdún tí mo tọrọ ku oṣù mẹ́ta. Ẹ́ńjìnnì ti ń dáhùn, gíláàsì ló kù. Ẹni tó bá mọ agboolé tí Celica sùn sí ní Ìjerò, Aràmọ̀kọ tàbí Ẹ̀fọ̀n, kó wá mi wá. Ẹ ṣáà béèrè Baba Onírin. Mo ti ń jẹ́ ẹ báyìí.